Nígbà Tí Àárẹ̀ Bá Mú Kànga Epo

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, IEA, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo àti iná mànàmáná, gbé ìwádìí kan jáde láti olú iléeṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Paris. Nǹkan bí 15,000 ibùdó ìwapo àti gáàsì káàkiri ayé ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé láti ọdún 2019, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn elépo ń ná lọ́dọọdún láti wa epo àti gáàsì tó jẹ́ pé àlàfo ni wọ́n kàn ń fi dí. Kànga àtijọ́ ń dín kù, wọ́n ń gbẹ́ tuntun rọ́pò rẹ̀. Ìwọ̀nba owó tó ṣẹ́ kù ló ń fi epo kún epo. Fún ọdún 2025 nìkan, wọ́n ṣírò àpapọ̀ owó tí àwọn elépo ń ná sórí ìwapo àti gáàsì sí nǹkan bí 570 bílíọ̀nù dọ́là.

Ká ní gbogbo wọn káwọ́ gbera lọ́dún kan péré, tí ẹnikẹ́ni kò náwó sórí kànga mọ́, mílíọ̀nù 5.5 àgbá ni yóò yọ kúrò nínú epo tí ayé ń rí lójúmọ́. Lítà 159 ló wà nínú àgbá kan. Iye yẹn tó gbogbo epo tí Bràsíl àti Norway ń wà lójúmọ́ bí a bá pa tiwọn pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni yóò máa rí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2010, ohun tí ìbá máa dín lọ́dún kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Ìṣòro náà ń yára sí i.

Kí ló ń rẹ kànga?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí adágún omi ni epo rọ̀bì ṣe wà lábẹ́ ilẹ̀, pé ọjọ́ tí a bá fà á tán, ó tán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkúta ni epo ń gbé, nínú àwọn ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Agbára tó há mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ló ń tì í jáde: ilẹ̀ tó wúwo tẹ̀ ẹ́ láti òkè, omi ń tì í láti ìsàlẹ̀, gáàsì sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí oòrùn ti pa, yóò ru jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dà á. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìgbà díẹ̀, ohun mímu ṣì wà nínú ìgò, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ru mọ́. Kànga epo kò yàtọ̀.

Bí agbára yẹn bá ti lọ sílẹ̀ ni àwọn elépo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ti omi tàbí gáàsì wọ abẹ́ ilẹ̀, kí ó lè lé epo tó kù wá sẹ́nu kànga. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ omi náà yóò wá ọ̀nà tó kúrú jù lọ padà sókè. Àwọn kànga àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé nínú àgbá mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé jáde, mẹ́sàn-án ló jẹ́ omi. Wọ́n ní láti ya omi yẹn sọ́tọ̀, kí wọ́n wá ibi dà á sí, owó sì ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí owó tó ń jáde bá ti ju èyí tó ń wọlé lọ, wọ́n á dí kànga náà pa. Lọ́pọ̀ ibi, èyí tó ju ìdajì epo náà lọ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú òkúta. Ìdí rèé tí n kò fi bá àwọn tó ń pariwo pé epo ayé ń tán lọ pariwo. Epo kò ní tán lójú wa. Iye tí yóò ná ẹni tó bá fẹ́ mú àgbá kan jáde ló ń ga.

Ìṣirò IEA ni pé bí ibùdó kan bá ti dé góńgó rẹ̀, epo ibẹ̀ a máa fi ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún dín lọ́dọọdún. Ó jọ nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ibùdó tó ń mú 100,000 àgbá jáde lónìí, tí ó bá fi bẹ́ẹ̀ lọ, 50,000 ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún méjìlá sí i.

Apẹja ilẹ̀ Mẹ́síkò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè mi odidi orílẹ̀-èdè, kí ó wo Cantarell. Apẹja ni Rudesindo Cantarell, ojú òkun Campeche ló ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ó rí epo tó ń léfòó lójú omi, ó sì lọ fi tó Pemex, iléeṣẹ́ epo ìjọba Mẹ́síkò, létí. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga síbẹ̀ ní ọdún 1976, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó epo tó tóbi jù lọ láyé ni wọ́n bá pàdé, orúkọ apẹja yìí ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ so òkúta fífọ́ tí epo náà sá pamọ́ sí mọ́ àpáta ńlá tó já láti ojú sánmà lu Chicxulub, nítòsí ibẹ̀, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, èyí kan náà tí wọ́n ní ó run àwọn dáínásọ̀. Epo kì í pẹ́ ṣàn gba inú òkúta tó ti fọ́ yángá, nítorí náà owó ìwapo Cantarell kò wọ́n rárá.

Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, agbára abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Pemex wá pinnu láti máa fi náítírójìn tì í. Inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ní iléeṣẹ́ ràgàjì kan tí wọ́n kọ́ sí etíkun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000. Cantarell tún ta kìjí. Nígbà tó fi máa di 2004, ó ti ń mú ju mílíọ̀nù méjì àgbá jáde lójúmọ́, kò sì sí ibùdó kankan láyé tó jù ú lọ àfi Ghawar ti Sàúdí Àrábíà. Nígbà yẹn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọ àpò ìjọba Mẹ́síkò ló ń ti ọ̀dọ̀ epo wá.

Ohun tó gòkè kíákíá ni ó tún já wálẹ̀ kíákíá. Bí epo ṣe ń jáde ni náítírójìn àti gáàsì ń sọ̀ kalẹ̀ gba ààyè rẹ̀, títí tí ẹnu kànga fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa gáàsì dípò epo. Ní 2009, Cantarell ti wà lábẹ́ mílíọ̀nù kan. Ní 2012, kò pé ìdajì mílíọ̀nù mọ́. Lónìí, ohun tó ń mú wá kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti 2004. Pemex di ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ epo tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn jù lọ lágbàáyé. Ìjọba Mẹ́síkò, tó ti gba epo lọ́wọ́ àwọn òyìnbó láti 1938, tó sì fi ń yangàn, wá yí òfin orílẹ̀-èdè padà ní 2013, lábẹ́ Ààrẹ Enrique Peña Nieto, kí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni àti ti òkèèrè lè padà wá wa epo. Lójú tèmi, náítírójìn kọ́ ni àṣìṣe wọn. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n ń ná owó ọdún mẹ́rin yẹn bí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ní dá láé.

Ibi tó ń yá, ibi tó ń fà

Kì í ṣe gbogbo ibùdó ló ń já bí ti Cantarell. Àwọn òmìrán orí ilẹ̀ Lárúbáwá kì í fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún dín lọ́dún. Ọdún 1951 ni wọ́n ti ń wa epo ní Ghawar, ó sì ṣì lágbára. Àwọn kéékèèké inú òkun Yúróòpù lè fi ju ìdá 15 dín. Bí owó bá dáwọ́ dúró níbi gbogbo, ilẹ̀ Lárúbáwá àti Rọ́ṣíà ni yóò kù tí gbogbo ayé yóò máa wò lójú. Àwọn olóṣèlú Yúróòpù mọ ìyẹn dáadáa.

Òkun Àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé góńgó ní 1999, pẹ̀lú nǹkan bí mílíọ̀nù 2.9 àgbá lójúmọ́. Ohun tó kù báyìí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Brent tí a ń gbọ́ nínú ìròyìn lójoojúmọ́, orúkọ ibùdó kan níbẹ̀ ni. Shell rí i ní 1971, ibùdó náà sì dákẹ́ pátápátá ní 2021. Orúkọ ibùdó tó ti kú ni Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣì fi ń dá iye lé epo tiwọn.

Ní Alaska, ní Amẹ́ríkà, ìdínkù epo ti ń dá wàhálà sílẹ̀ fún páìpù fúnra rẹ̀. Páìpù tó gba ibẹ̀ kọjá gùn tó 1,287 kìlómítà, ó sì ń gbé nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àgbá lójúmọ́ ní 1988. Ohun tó ń gbé báyìí kò pé ìdajì mílíọ̀nù. Epo tí kì í lò ju ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún lọ́nà nígbà náà ń lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nísinsìnyí. Bó ṣe ń fà ló ń tutù, tí ọ̀rá inú rẹ̀ ń dì mọ́ ara páìpù, tí wọ́n sì ní láti máa mú un gbóná lójú ọ̀nà.

Ẹnìkan yóò ní, Amẹ́ríkà kan náà ṣebí ó ti ń wa epo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ? Òótọ́ ni. Ní 1956, onímọ̀ ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ M. King Hubbert sọ tẹ́lẹ̀ pé epo Amẹ́ríkà yóò dé góńgó ní nǹkan bí 1970, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀ ni òkúta ṣéèlì, tí wọ́n ń fi omi àti yanrìn fọ́ kí epo lè jáde. Òun ló gbé Amẹ́ríkà láti mílíọ̀nù márùn-ún lójúmọ́ ní 2008 dé ju 13 lọ. Àmọ́ kànga ṣéèlì kì í ṣe ọlọ́jọ́ gígùn. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ gbígbẹ́ tuntun, IEA ní ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Bí epo irú èyí ṣe ń pọ̀ sí i nínú ohun tí ayé ń lò ni ìdínkù ń yára sí i.

Kí ló kan Nàìjíríà?

Ọdún 1956 yẹn náà ni wọ́n rí epo ní Oloibiri, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa òde òní. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, kànga ibẹ̀ ti dákẹ́. Nàìjíríà wa ju mílíọ̀nù méjì àgbá lọ lójúmọ́ nígbà tó wà ní góńgó. Ní oṣù Kẹjọ 2022, ó já wá sábẹ́ mílíọ̀nù kan. Olè ni gbogbo wa dẹ́bi fún, olè sì wà lóòótọ́, pẹ̀lú páìpù tó ń jò. Ṣùgbọ́n bí a bá mú gbogbo olè lónìí, àwọn kànga àtijọ́ inú Niger Delta yóò ṣì máa dín. Owó tó yẹ kó lọ sí tuntun kò lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kódà, ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kí, tó lè fọ 650,000 àgbá lójúmọ́, ń ra epo rọ̀bì láti Amẹ́ríkà.

Bonga, ibùdó epo kan nínú òkun Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í mú epo jáde ní 2005. Ní oṣù Kejìlá 2024, Shell ní òun yóò wa Bonga North, tí ó lè mú 110,000 àgbá wá lójúmọ́ ní góńgó rẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n pè é. Àmọ́ ọkọ̀ ìwapo Bonga àtijọ́ ni epo rẹ̀ yóò máa wọ̀, kí ọkọ̀ náà má baà ṣófo. Títí di ìparí ọdún mẹ́wàá yìí ni wọn yóò sì dúró kí epo náà tó jáde. Kò tilẹ̀ pẹ́ jù: ìpíndọ́gba àgbáyé, láti ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé àṣẹ sí ọjọ́ tí epo jáde, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún. Guyana tó rí epo ní 2015, tó sì wà á ní 2019, yàtọ̀ gédégédé.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà. IEA yìí kan náà ló sọ ní 2021 pé bí ayé bá fẹ́ kí àfikún ooru rẹ̀ má ju ìwọ̀n 1.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, a kò nílò ibùdó epo tuntun ju èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí lọ. Ó ju mílíọ̀nù 17 ọkọ̀ oníná lọ tí wọ́n tà ní 2024. Bí ohun tí ayé ń lò bá ń dín bí kànga ṣe ń dín, kò sẹ́ni tí yóò sunkún. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀: ayé ṣì ń lò ju 100 mílíọ̀nù àgbá lọ lójúmọ́.

Ìwé ìṣúná Nàìjíríà fún 2025 ka mílíọ̀nù 2.06 àgbá lójúmọ́ sílẹ̀, ohun tí wọ́n wà kò sì dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbé iye mìíràn síwájú àwọn aṣòfin, kí ẹni tó ń ṣojú fún yín níbẹ̀ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú kànga tí ẹ kà, mélòó ni yóò dín kí ọdún tó parí, ta ni yóò sì san owó èyí tí yóò rọ́pò wọn?