Ìbúra Apàlọ́

Láyé àtijọ́, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí iṣẹ́ oko àti ti ilé ti parí, àgbà a jókòó sí ìta, àwọn ọmọdé a sì pagbo yí i ká. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọn a kọ́kọ́ fi ṣíde: ta ni ìyá tí ó bí igba ọmọ, tí gbogbo wọn lé tìróò? Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ẹ̀wà ni, ó kan àlọ́ àpagbè, èyí tí ó ní orin.

Ta ni kò mọ àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ? Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, ń wá ọmọ. Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Òórùn ọbẹ̀ borí ọkùnrin yìí lójú ọ̀nà. Ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ó sáré padà, ó ń forin bẹ babaláwo. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi àgbà ti ń pa á fún wa, ẹ̀bẹ̀ náà kò dénú: Ìjàpá ní gbòǹgbò ni ó gbé òun ṣubú, pé ọwọ́ òun kan ọbẹ̀, òun sì fi ọwọ́ náà kan ẹnu. Àwa tí à ń gbè é ti gbọ́ bí ó ṣe jẹun. A mọ̀ pé irọ́ ni ó ń pa, síbẹ̀ a ń gbè é, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn irọ́ Ìjàpá ni apàlọ́ wá ń búra. Yóò ní bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má ṣe ró. Bí òun kò bá sì purọ́, kí ó ró lẹ́ẹ̀mẹta. Yóò fọwọ́ gbá ẹnu: pó! pó! pó!

Kí ni ó ń búra sí? Ta ni ó gbọ́ orin lẹ́nu ahun rí? Lójú tèmi, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ni ó ń búra sí, bí kò ṣe pé bí òun ti gbà á lẹ́nu àwọn àgbà ni òun ṣe fi lélẹ̀. Ìbúra ẹni tí a fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́ ni. (Èyí kò ní kí ó má fi iyọ̀ díẹ̀ sí i o!)

Ní 1973 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tẹ *Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá* jáde. Ọpẹ́ ni fún un, nítorí ó gba ọ̀pọ̀ àlọ́ lọ́wọ́ ìgbàgbé. Ohun tí ó ń dùn mí ni bí a ti ń lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Olùkọ́ a ka àlọ́ bí ẹni ń ka ìròyìn, láìkọrin, láìbúra. A sì kọ ọ́ sí ojú pátákó pé ojúkòkòrò kò dára. Àwọn ọmọ a dà á kọ.

Ní ilé-ìwé kan tí mo bẹ̀ wò, mo bi wọ́n léèrè bóyá lóòótọ́ ni Ìjàpá ṣubú. Ariwo sọ. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní rárá. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, “Tíṣà, bí ó bá ṣubú ni, ìkòkò ìbá ti fọ́.” Títí agogo ìsinmi fi dún, ọ̀rọ̀ ìkòkò ni wọ́n ń bá ara wọn jà sí.