Àwìn, Gbèsè àti Ojú Owó: Ìwé Owó fún Oníṣòwò Àgbọn ní Àgbádárìgì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwìn, ni Yorùbá ń lò fún ọjà tí a tà láìgba owó àti èyí tí a rà láìsan owó. Lẹ́nu, ìtumọ̀ rẹ̀ kì í sọnù. Nínú ìwé, ó lè da ìṣirò rú. 'Owó ìta' yẹ fún ti àkọ́kọ́, kí 'gbèsè' dúró fún ti èkejì.

Oníṣòwò àgbọn tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ fọ́n káàkiri kò ní láti tún ọdún tí ó ti kọjá ṣírò. Luca Pacioli pàápàá, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní Venice ní 1494, fi kíka ohun-ìní ṣáájú. Kí oníṣòwò mú ọjọ́ kan. Bí owó ọwọ́ bá jẹ́ ₦40,000, tí àgbọn tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦90,000 ní iye tí ó rà á, tí owó ìta jẹ́ ₦70,000, tí gbèsè sì jẹ́ ₦60,000, ojú owó rẹ̀ jẹ́ ₦140,000. Sefa tí ó bá gbà ní ẹnubodè Sèmè gbọ́dọ̀ ní òpó tirẹ̀, pẹ̀lú iye rẹ̀ ní náírà lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, kí ó máa kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde lójoojúmọ́, àti owó oúnjẹ ilé pẹ̀lú. Èyí ni wọ́n sábà máa ń fò. Bí ojú owó bá di ₦130,000 lẹ́yìn oṣù kan, tí ó sì ti mú ₦25,000 lọ sílé, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦15,000. Ojú owó ni ó ti jẹ ₦10,000 yòókù.