Afárá láàárín kọ́ọ̀dù méjì

Ẹ jẹ́ ká ní ìgbéyàwó ń lọ ní Conyers, lápá ìlà-oòrùn Atlanta, ìyàwó ń kọrin fún ọkọ rẹ̀, ó sì dé orí "ọkọ mi". Ohùn àárín ni sílébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nóòtì E kan náà ló sì fi kọ wọ́n. Bí sílébù kejì bá gòkè, ọkọ́ la ó gbọ́. Bó bá wálẹ̀, ó di ọkọ̀ nìyẹn.

Orin ò lè kúrò lójú kan, dùùrù ló máa rìn. Sílébù àkọ́kọ́ bá kọ́ọ̀dù C: C, E, G. Ẹ̀kẹta máa bá A minor: A, C, E. Èèyàn lè fò tààrà, àmọ́ bí ẹni fo gọ́tà ló máa ń rí. Afárá ibẹ̀ ni E7: E, G ṣáàpù, B, D. Ẹ wo ọwọ́ onídùùrù: G sún díẹ̀ bọ́ sórí kíì dúdú, ó tún sún díẹ̀, ó di A. B gòkè, D wálẹ̀, àwọn méjèèjì pàdé lórí C. E nìkan ni kò mira, òun sì ni ìyàwó ń kọ. G ṣáàpù yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Àlejò ni nínú ilé C, etí ò sì ní í balẹ̀ títí tó fi máa dé A.

Pásìn làwọn olórin ṣọ́ọ̀ṣì ń pe irú afárá yìí, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń ta ara wọn lólobó: bí C bá jẹ́ 1, E7 sí A minor di 3 sí 6. Nọ́ńbà 1 dé 7 làwọn ará Ṣáínà náà fi ń kọ orin sílẹ̀. Jianpu lorúkọ rẹ̀. Nínú orin ìfẹ́ wọn, 4-5-3-6-2-5-1 pọ̀ bí nǹkan míì, ibi 3 sí 6 yẹn gan-an ni wọ́n sì ti máa ń fi afárá kan náà sí nígbà míì. Àwọn tó ń kọrin ní Cantonese ń ṣọ́ ohùn ọ̀rọ̀ bíi tiwa. Àwọn ti Mandarin kì í sábà yọ ara wọn lẹ́nu.

Ká padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Thomas A. Dorsey, tí wọ́n ń pè ní baba orin góspẹ̀lì, ará ìtòsí ni: Villa Rica ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1899, ọ̀nà I-20 tó gba Conyers kọjá ló sì gba ibẹ̀. Bulúùsì ló ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì kó kọ́ọ̀dù rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ ṣọ́ àwọn ẹlẹ́gbè o. Ẹni tó bá ń bá G gòkè lọ sí A ti ba "ọkọ mi" jẹ́; kí gbogbo wọn dúró lórí E. Ẹ sì ta onígìtá béèsì lólobó, torí bó bá tẹ G nígbà tí dùùrù ti dé G ṣáàpù, alága ìjókòó pàápàá á yíjú wò ó.