Àmì Méjì Péré: Àṣekágbá Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Àwọn Yunifásítì Amẹ́ríkà ní 1983

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí ará Ìbàdàn mọ̀ bí ẹni mowó. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní basikẹ́ẹ̀tì. Pàápàá jù lọ, àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tí ó wáyé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1983. Ní ọdún náà, ọ̀rọ̀ ìbò oṣù kẹjọ ni ó jẹ àwọn ará ilé lógún láti Bẹ́yẹrúnkà títí dé Ọjà'ba. Ṣùgbọ́n ní òkè òkun lọ́hùn-ún, ọmọ Yorùbá kan tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún wà láàrin eré kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò tíì dẹ́kun àti máa jiyàn lé lórí. Akeem Ọlájùwọ́n ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ní 1991 ni ó tún un kọ sí Hakeem.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la eré náà yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ kan tí ń jẹ́ James Naismith ni ó dá a sílẹ̀ ní ìlú Springfield ní 1891, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso ni ó sì gbé kọ́. Ẹnu apẹ̀rẹ̀ náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ènìyàn márùn-ún ni ó wà ní apá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú ogún-ogún sì ni ìlàjì eré àwọn yunifásítì. Nínú ìdíje 1983 náà, ẹni tí ó bá sọ bọ́ọ̀lù wọlé gba àmì méjì. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀, tí rẹfirí sì fún ní ààyè láti jù ú láìsí ìdíwọ́, gba àmì kan.

Òfin mẹ́ta ni a kò gbọdọ̀ gbójú fò, nítorí orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Èkínní, ẹni tí ó bá rúfin márùn-ún yóò jáde, kò sì ní í padà. Èkejì, nínú ìdíje 1983 yẹn, kò sí aago tí ń lé ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá wù wọ́n, wọ́n lè máa jù ú síra wọn láìgbìyànjú àtisọ ọ́ wọlé. (Ní sáà 1985 sí 1986 ni wọ́n tó fi gbèdéke ìṣẹ́jú-àáyá 45 lélẹ̀.) Ẹ̀kẹta, bí ìrúfin ẹgbẹ́ kan bá ti pọ̀ dé ìwọ̀n kan, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò jù lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá wọlé, yóò tún jù lẹ́ẹ̀kejì, bí kò bá wọlé, àǹfààní kejì ti bọ́ nìyẹn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ni yóò sì he bọ́ọ̀lù.

Ìdíje àwọn yunifásítì kò ṣàjèjì sí Ìbàdàn. Yunifásítì Ìbàdàn ni ó gba àlejò eré NUGA àkọ́kọ́ ní 1966. Ohun tí ó mú ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ ni pé àwọn ènìyàn tí kò ka ìwé kankan ní ilé-ìwé náà rí a máa fi ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe tiwọn, bí ará Ìbàdàn ti ń ṣe sí Shooting Stars. Ẹgbẹ́ 52 ni ó wọ ìdíje 1983. Ẹni tí ó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò di ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Èkó ni wọ́n bí Ọlájùwọ́n sí, ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963, sọ́wọ́ àwọn òbí tí ń ta sìmẹ́ńtì. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó ń gbá ní Muslim Teachers College, ó sì tún ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n èrò tèmi yàtọ̀: ẹsẹ̀ yíyá tí aṣọ́lé fi ń sáré pàdé bọ́ọ̀lù ni ó gbé lọ sídìí apẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n ga bí tirẹ̀ kò sì ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1980 ó wọ Yunifásítì Houston. Wọn kò jẹ́ kí ó gbá nínú eré gidi ní ọdún àkọ́kọ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó a máa bá Moses Malone, àgbà òṣèré tí ó ti ń gbowó lórí eré náà, fìgagbága, èyí sì kọ́ ọ ní ohun tí ilé-ìwé kò lè kọ́ ọ.

Nígbà tí ó fi di 1983, apá kò ká Houston mọ́. Wọ́n ti borí nígbà 31, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n pàdánù. Eré 26 ni wọ́n sì ti jẹ léraléra. Clyde Drexler wà níbẹ̀ pẹ̀lú Ọlájùwọ́n, oníròyìn kan sì sọ wọ́n ní Phi Slama Jama nítorí bí wọ́n ti ń fò sókè tí wọ́n ń ki bọ́ọ̀lù bọ inú apẹ̀rẹ̀. North Carolina State, tí wọ́n bá pàdé, ti pàdánù nígbà mẹ́wàá ní sáà kan náà. Àwọn tí ó retí pé Houston yóò pàdánù kò pọ̀.

Albuquerque ni eré náà ti wáyé, ní pápá kan tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wọlé kọ́, tí wọ́n fi ń pè é ní The Pit, ìyẹn Kòtò. Ṣùgbọ́n ìlú náà fúnra rẹ̀ wà lórí òkè, ó fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Ẹni tí ó bá ti fi eré gun òkè Mapó rí mọ bí èémí ti ń ṣe. Ti Albuquerque tún ju èyí lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, a kò sì tíì sáré kí àyà tó máa já.

Kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí, Drexler ti rúfin mẹ́rin. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù kí ó jáde. North Carolina State ń léwájú pẹ̀lú 33 sí 25. Ní ìlàjì kejì, Houston jí bí ẹni tí a ta omi sí lójú. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti di 42 sí 35. Ibí yìí ni Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá Houston, ti ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ fà á jẹ́jẹ́, kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù kiri, kí àkókò máa lọ. Àwọn tí ń dá a lẹ́bi kò lóǹkà. Èmi kò bá wọn lọ tán. Ó ti rẹ Ọlájùwọ́n, òkè sì ti gba èémí rẹ̀; kò sì sí òfin tí ó ní kí ẹni tí ń léwájú máa sáré.

Àléébù tí ó wà níbẹ̀ ni pé Houston kò mọ bọ́ọ̀lù jù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá dí wọn lọ́wọ́, Jim Valvano, akọ́nimọ̀ọ́gbá North Carolina State, sì mọ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n á ṣẹ̀ wọ́n, Houston á jù ú, kò ní í wọlé. North Carolina State á gbà á, wọ́n á sọ ọ́ láti òkèèrè, á sì wọlé. Báyìí ni wọ́n ṣe dọ́gba ní 52 sí 52. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú kan nígbà tí Alvin Franklin ti Houston dúró láti jù. Kò wọlé.

North Carolina State di bọ́ọ̀lù náà mú títí ó fi ku ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ọwọ́ Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Dereck Whittenburg he é, ó sì jù ú láti ọ̀nà jíjìn réré. Bọ́ọ̀lù náà kò dé apẹ̀rẹ̀. Lorenzo Charles, tí ó dúró nísàlẹ̀ ibẹ̀, fò sókè, ó gbà á lójú òfuurufú, ó sì kì í wọlé. Àkókò tán. 54 sí 52.

Àmì 20 ni Ọlájùwọ́n gbà lálẹ́ ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù 18 tí ó ta padà lára apẹ̀rẹ̀ ni ó sì mú. Òun ni wọ́n yàn ní òṣèré tí ó ta yọ jù lọ nínú ìdíje náà. Láti ìgbà náà wá, kò tún sí ọkùnrin kankan láti inú ẹgbẹ́ tí ó pàdánù àṣekágbá tí a fún ní irú oyè yìí. Àwọn kan ní kò tọ́, pé ẹni tí ó borí ni ó ni ọlá. Àwọn tí wọ́n rí Shooting Stars tí ó gba ife Áfíríkà ní 1976, tí wọ́n sì rí i tí Zamalek ti Íjíbítì borí rẹ̀ nínú àṣekágbá 1984, tí ó tún pàdánù sọ́wọ́ Zamalek kan náà ní 1996 nípa gbígbá pẹnáritì, lè dá ẹjọ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọlájùwọ́n padà sí àṣekágbá ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1984, ní Seattle. Georgetown, ẹgbẹ́ Patrick Ewing tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, na Houston ní 84 sí 75. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó kúrò ní yunifásítì, tí ẹgbẹ́ Rockets ti ìlú Houston sì kọ́kọ́ mú un ṣáájú gbogbo ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn náà, ní 1994, òun àti Ewing tún pàdé nínú àṣekágbá àwọn tí ń gbowó. Eré méje ni wọ́n gbá. Rockets mú mẹ́rin, ẹgbẹ́ Ewing mú mẹ́ta. Ó tún gba ife náà ní 1995.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣeé fò. Ní ayé Ọlájùwọ́n, òfin kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti gba ju owó ilé-ìwé, oúnjẹ àti ibùsùn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ń pa owó rẹpẹtẹ lórí wọn. Láti 2021 ni wọ́n ti gbà kí àwọn òṣèré máa fi orúkọ wọn pawó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ wọ Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ mìíràn kò lómìnira bí ọmọ onílẹ̀, nítorí òfin ìwọ̀lú kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ bí ó ti fẹ́. Òbí tí ó bá ń fojú sọ́nà pé ọmọ òun yóò gba ọ̀nà Ọlájùwọ́n ní láti mọ èyí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Houston kò sì tíì gba ife àwọn yunifásítì náà títí di 2025. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún yẹn, wọ́n tún dé àṣekágbá, ní San Antonio, wọ́n sì fi àmì 12 léwájú Florida ní ìlàjì kejì. Rueben Chinyelu, ọmọ Nàìjíríà, wà nínú eré náà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Florida. Ní ìṣẹ́jú-àáyá tí ó kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Houston. Ẹni tí ó fẹ́ jù ú rí i pé ẹnìkan ti fò wá dí òun, ó jù ú sílẹ̀, kò sì lè he é mọ́. Florida borí pẹ̀lú 65 sí 63.