Kí ló ń jẹ ohùn gìtá kó tó dé amplifier?

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, láti Kado Estate dé Kado Kuchi nílùú Àbújá, kò pẹ́ kí èèyàn tó gbọ́ gìtá láti inú ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí òmíràn. Ìṣòro kan wà tí ọ̀pọ̀ onígìtá mọ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ki wáyà láti ara gìtá tààrà sínú amplifier, ohùn á mọ́ gaara. Bí wọ́n bá wá to pedal, àpótí kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ láti yí ohùn padà, márùn-ún tàbí mẹ́fà sílẹ̀, tí wọ́n so wọ́n mọ́ra, ohùn náà á wọlẹ̀, á ṣú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kankan nínú wọn. Ìmọ̀ràn tó máa ń yá lẹ́nu èèyàn ni pé kí wọ́n lọ ra èyí tó jẹ́ true bypass. Ìmọ̀ràn náà ò pé, owó ni ó sì ń ná wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan orin tiwa gan-an. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, ẹni tí àwo Juju Music gbé orúkọ rẹ̀ kárí ayé ní 1982, gìtá bíi mélòó kan ló máa ń dún pọ̀, títí kan steel guitar tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta nígbà náà. Kálukú ní gbólóhùn kúkurú tirẹ̀ tó ń tún sọ, wọ́n á sì máa dá ara wọn lóhùn. Ìgbà tí ìka bá kan okùn, ìró ṣókí tó kọ́kọ́ jáde yẹn, òun ló ń jẹ́ kí etí ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ohùn òkè ló gbé ìró náà dání. Ẹ yọ ọ́ kúrò, gbogbo rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ pé lára jùjú àti highlife ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

Inú gìtá ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀. Pickup tó wà lábẹ́ okùn jẹ́ òòfà tí wọ́n fi wáyà bàbà, tó tín-ín-rín bí irun orí, wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Okùn irin á gbọ̀n, iná mànàmáná díẹ̀ á sì jáde. Iná yìí kò lágbára rárá, wáyà tó sì ń gbé e lọ ní capacitance, ìyẹn ni pé ó ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú ara rẹ̀: mítà kan wáyà gìtá sábà máa ń ní nǹkan bí 100 picofarad, ohùn òkè ló sì kọ́kọ́ ń gbé mì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní pickup kan, irú ti gìtá Stratocaster, ní inductance henry 2.5. Pẹ̀lú wáyà mítà 5, ibi tí ohùn ti ń tàn jù wà ní nǹkan bí 4,500 hertz. Ẹ fi mítà 6 kún un, láti ẹsẹ̀ onígìtá dé amplifier tó wà lẹ́yìn, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 3,000. Lókè ibẹ̀, kíákíá ni ohùn ń kú.

Súwíìṣì lásán ni true bypass. Bí ẹ bá pa pedal náà, súwíìṣì á yọ gbogbo inú rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ohùn á gba orí irin kọjá. Ó dára, pàápàá téèyàn bá rántí àwọn pedal wah àtijọ́ tí inú wọn ṣì ń fa ohùn gbẹ lẹ́yìn tí a ti pa wọ́n. Àmọ́ pedal mẹ́wàá tó jẹ́ true bypass, tí a pa gbogbo wọn, wáyà gígùn kan náà ni wọ́n jẹ́. Gbogbo mítà yẹn ṣì wà lọ́rùn pickup.

Buffer ló ń gbé ẹrù náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Transistor kan tàbí chip kékeré kan ni. Kì í mú kí ohùn ga sí i. Ìdènà iná tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ sábà máa ń tó megohm kan, nítorí náà kì í fa pickup, ó sì ń tú ohùn jáde pẹ̀lú agbára tó lè ti wáyà gígùn. Iṣẹ́ ẹni tó dúró ti ọba, tó ń gba ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ẹnu ọba, tó sì ń sọ ọ́ kí gbogbo àgbàlá lè gbọ́, ló ń ṣe. Láti 1977 tí iléeṣẹ́ Boss ti Japan ti kọ́kọ́ gbé àwọn pedal kékeré rẹ̀ jáde ni buffer ti wà nínú wọn. Àpọ̀jù rẹ̀ ò dára: bí buffer olówó pọ́ọ́kú bá tò tẹ̀léra, ariwo díẹ̀díẹ̀ wọn á para pọ̀. Pedal fuzz tí wọ́n ń pè ní Fuzz Face, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966, èyí tí Jimi Hendrix sọ di olókìkí, kò sì fẹ́ buffer níwájú rẹ̀ rárá. Ara pickup tààrà ló fẹ́ wà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ á le, á máa gún etí.

Níbí, a tún gbọ́dọ̀ ro ti iná mọ́ ọn. Ká ní iná lọ láàárín orin, amplifier wà lórí inverter, ṣùgbọ́n ara sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń dúró de jẹnẹrétọ̀ ni pedal wà. Pedal oní-buffer kan ṣoṣo tó láti pa gìtá lẹ́nu mọ́, torí pé ohùn ò lè kọjá nínú rẹ̀ láìsí iná. True bypass tó ní súwíìṣì ẹsẹ̀, tí a ti pa, á jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó ń lo bátìrì 9 volt náà ní láti ṣọ́ra: nínú ọ̀pọ̀ pedal, wáyà tí a ki sí ẹnu rẹ̀ ló ń tan bátìrì. Ẹni tó bá fi wáyà sílẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò Sátidé lè bá bátìrì tó ti kú láàárọ̀ Sọ́ńdè.

Lójú tèmi, buffer kan tó dára níwájú, lẹ́yìn fuzz tí ẹ bá ní ọ̀kan, ti tó. Kí ìyókù jẹ́ true bypass. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti ní in láìmọ̀: tuner Boss TU-3 ní buffer nínú. Kí ẹ tó náwó, ẹ fi wáyà mítà 3 so gìtá mọ́ amplifier, ẹ ta okùn tó tín-ín-rín jù, ẹ gbọ́ bí ìka ṣe ń kàn án. Ẹ wá gba inú gbogbo pedal kọjá, kí gbogbo wọn wà ní pípa, ẹ tún ta á. Bí ohùn méjèèjì bá dọ́gba, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹni tó ń ta bass tí bátìrì wà nínú ara rẹ̀ kò tilẹ̀ nílò ìdánwò yìí, torí pé buffer ti wà nínú gìtá náà fúnra rẹ̀.