Bí Àwòrán Ẹni Mímọ́ Láti New York Ṣe Wọ Férémù Agolo ní New Mexico

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin máa ń jókòó yí tábìlì gígùn kan ká ní ilé iṣẹ́ tí Nathaniel Currier ti ń tẹ àwòrán ní New York, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn. Àwòrán kan tí wọ́n ti kùn tán á wà níwájú wọn tí gbogbo wọn á máa wò. Ẹni tó ń kun pupa, pupa nìkan ni tirẹ̀. Bó bá ṣe tán, á sún bébà náà sí ẹni tí búlúù wà níwájú rẹ̀, títí gbogbo àwọ̀ á fi pé. Púpọ̀ nínú wọn ló ṣí wá láti Jámánì. A kò mọ orúkọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ṣì wà lára bébà: aṣọ Màríà Wúńdíá dúdú bí aró lórí ẹ̀dà kan, ó sì ṣá lórí èkejì. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni àwọn tó ń kó àwòrán wọ̀nyí jọ ń wá kiri.

Òkúta ni wọ́n fi ń tẹ̀ wọ́n. Alois Senefelder, òṣèré tó ń kọ eré ní Bavaria, ló ń wá ọ̀nà tí owó rẹ̀ kò ní ga jù láti tẹ eré rẹ̀ jáde. Nígbà tó fi di 1798, ó ti rí i pé bí èèyàn bá fi ohun ọlọ́ràá yàwòrán sórí òkúta ẹfun, tó sì fi omi rin ín, yíǹkì á lẹ̀ mọ́ ibi tí a yà, omi á sì lé e kúrò níbi yòókù. Ní Boston ni Currier ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ yìí ní 1828, ọmọ ọdún 15 ni. Ní 1857 ó fi James Merritt Ives, tó ń bójú tó ìwé owó rẹ̀, ṣe alábàáṣiṣẹ́. Kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá wọlé ní 1907, oríṣi àwòrán tó tẹ̀ ti lé ní 7,000.

Ọkọ̀ ojú omi, ẹṣin àti iná tó ń jó ilé pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìyàn ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Àgùdà kúrò ní Ireland wá sí Amẹ́ríkà láti 1845, wọ́n sì fẹ́ Ọkàn Mímọ́ Jésù lára ògiri wọn. Sẹ́ǹtì díẹ̀ ni wọ́n ń ta àwòrán kékeré kan. Currier tẹ Màríà Guadalupe pẹ̀lú àkọlé èdè Sípáníìṣì, èyí tó fi hàn pé ojú rẹ̀ ti ń wo ìwọ̀ oòrùn.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba New Mexico ní 1846. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn oníṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ló ń ya àwọn ẹni mímọ́ sórí pákó. Lẹ́yìn rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán bébà wọlé láti ọ̀dọ̀ Currier, láti ọ̀dọ̀ àwọn Kellogg ní Hartford àti Benziger ní Switzerland. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ní 1880, wọ́n ya wọ ibẹ̀ bí omi.

Àwọn sójà àti oníṣòwò kan náà ló kó oúnjẹ, epo àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wá nínú agolo. Agolo òfìfo kì í ṣe pàǹtí níbi tí irin ti wọ́n. Àwọn alágbẹ̀dẹ gé e, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n jó o pọ̀, wọ́n fi irin kékeré lu ọnà sí i lára, wọ́n sì fi dígí bo iwájú. Báyìí ni Màríà tí obìnrin ará Jámánì kùn ní New York ṣe wọ férémù tí alágbẹ̀dẹ tó ń sọ Sípáníìṣì fi agolo ọ̀rá ṣe. Lára àwọn kan, èèyàn ṣì lè ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára agolo náà. Iṣẹ́ méjèèjì ti di ẹyọ kan. Ẹni tó bá ya wọ́n nítorí àtità ti ba méjèèjì jẹ́.

Ní 1925, òǹkọ̀wé Mary Austin àti ayàwòrán Frank Applegate dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Santa Fe láti dáàbò bo irú iṣẹ́ ọnà báyìí. Ní 1990, Lane Coulter àti Maurice Dixon tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ agolo New Mexico, àwọn àwòrán inú férémù sì wà lára ohun tí wọ́n fi mọ ọjọ́ orí férémù. Bí orúkọ Currier bá dá wà lórí bébà láìsí ti Ives, àwòrán náà ti wà ṣáájú 1857. Férémù lè kéré sí i lọ́jọ́ orí, nítorí bébà lè ti pẹ́ lára ògiri kó tó rí férémù.

Àwòrán ẹni mímọ́ kì í sábà gbówó lórí tó ti ọkọ̀ ojú irin tàbí ti ọdẹ, nítorí náà ẹni tí kò lówó púpọ̀ ṣì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Kó fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo bébà náà. Bó bá rí àmì tóótòòtó tó tò létòlétò, ẹ̀rọ òde òní ló tẹ̀ ẹ́. Bí àwọ̀ bá yọ kọjá ìlà díẹ̀ níbi etí aṣọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ èèyàn. Kó wo ẹ̀yìn náà: pákó máa ń sọ bébà di pípọ́n, bébà tí kò ní ásíìdì ló sì yẹ kí ó fi sáàárín wọn, kó tó dá àwòrán padà sínú férémù rẹ̀.