Bí Ara Bá Ń Ro Wá Lẹ́yìn Iṣẹ́ Agbára

Bí ọdún Kérésìmesì bá dé, àwọn ọmọ Ìlàjẹ tí ń gbé Èkó àti Àkúrẹ́ a máa wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókọ̀dá lọ sí ilé bàbá wọn létí òkun. Wọn a gba àjẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, wọn a sì bá a fa àwọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ará Èkó kò ní lè gbé apá sókè wọ ẹ̀wù. Òmíràn a ní ibà ni, òmíràn a ní wọ́n ṣe òun ni. Ẹ̀gbọ́n tí ó ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́? Ara kò ro ó rárá.

Iṣẹ́ tí iṣan kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó fà á. Iṣan dà bí okùn àwọ̀n, òwú wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni ó para pọ̀. Bí iṣẹ́ bá ju èyí tí ó mọ̀ lọ, díẹ̀ nínú òwú náà a ya, ara a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ìrora náà a máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 12 sí 24, a máa le jù láàárín ọjọ́ 1 sí 3, a sì lọ kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Láti ọdún 1902 ni Theodore Hough ará Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ pé ó jọ pé iṣan ni ó ń ya.

Ẹ má ṣe sùn sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì yí iṣan náà. Àwọn eléré ìdárayá a máa ra fóòmù líle róbótó fún èyí. Ẹni tí kò ní i, kí ó rọ omi kún ìgò oníke, kí ó dé e pa dáadáa, kí ó sì fi tówẹ̀lì wé e. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ fi ìgò náà sábẹ́ itan, ẹ fi ọwọ́ tẹlẹ̀, kí ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀ fún ìṣẹ́jú 1. Fún ẹ̀yìn èjìká, ẹ fi bọ́ọ̀lù tẹníìsì sáàárín ara àti ògiri. Ẹ má ṣe yí i lórí ọrùn, orúnkún tàbí egungun ẹ̀yìn. Bí ó bá ti ń dun yín kọjá ìfaradà, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ na ara. Ẹ gbé apá kan kọjá níwájú àyà, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fà á mọ́ra. Fún ẹ̀yìn, ẹ kúnlẹ̀ lórí ẹní, ẹ jókòó lé gìgísẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ẹ ka ení, èjì, títí dé 30, kí ẹ tó sinmi. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, láìjá ara fà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Ìtura ni yíyí ń fúnni, kì í tún iṣan ṣe. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí jọ ní ọdún 2011, wọ́n rí i pé ìrora tí nínà ara ń dín kù kò tó nǹkan. Oorun, omi àti oúnjẹ bí ẹja àti ẹ̀wà ni àtúnṣe náà ń fẹ́. Ohun tí ó dára jù ni kí ẹ fa àwọ̀n díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ fi kún un lọ́jọ́ mìíràn. Iṣan a máa kọ́ iṣẹ́.

Ẹ fetí sílẹ̀ wàyí. Bí ìtọ̀ bá dúdú bí omi àgbo lẹ́yìn iṣẹ́ líle, tí ara sì wú tàbí tí kò lágbára, ẹ má ṣe lo oògùn ara ríro kankan, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Iṣan tí ó bàjẹ́ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tí ó sì gbóná, ẹ má ṣe yí i, ẹ má sì ṣe wọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀. Bí ara bá gbóná, ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọdọ̀ fi ìgò wo ìrora rẹ̀ nílé, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó lọ.

Ọ̀nà ojú omi jìn sí ọsibítù. Ẹni tí ó bá rí àmì wọ̀nyí ní ọ̀sán, kí ó má ṣe dúró di òru kí ó tó wá ọkọ̀.